Títẹ̀lé bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti àwọn yunifásítì láti Àkúrẹ́, August sí January: ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ gbà mí o

Olóyèmẹ́kùn_Ohio

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ohio ni mo ti ń kàwé, iṣẹ́ ìwádìí sì máa gbé mi wá sí FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà l'Ákùúrẹ́, láti ìparí August 2026 títí di ìparí January. Àárín oṣù wọ̀nyẹn gan-an ni gbogbo sáà bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti àwọn yunifásítì bọ́ sí. Ohio State ni ẹgbẹ́ mi, mo sì fẹ́ràn àwọn eré ńlá SEC, líìgì àwọn yunifásítì ìhà gúúsù, náà. Apá Apatapiti ni mo máa gbé.

Agogo mélòó ni eré máa ń jẹ́ lọ́dọ̀ wa nílé? Ṣé DStv máa ń gbé e? Tí kò bá sí lórí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀nà wo ni kò ní gbé dátà mì? Báwo ni ti iná lóru ṣe máa jẹ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ pé kí n kàn máa ka èsì láàárọ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tó ń ṣẹlẹ̀.

---

Alágogo_Alágbàká

Àbúrò, káàbọ̀ ṣáájú. Ọ̀rọ̀ agogo ni kó o kọ́kọ́ yanjú, torí òun ló máa sọ bóyá tẹlifíṣọ̀n, rédíò tàbí oorun ló kàn.

Nàìjíríà kì í yí agogo padà, Amẹ́ríkà máa ń yí i. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, wákàtí 5 la fi ṣíwájú Ohio, New York àti Georgia. Tó bá di ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú November, ó di wákàtí 6. Lọ́dún 2026, November 1 ló bọ́ sí.

Sátidé ni wọ́n ń gbá èyí tó pọ̀ jù. Eré agogo 12 ọ̀sán wọn, agogo 5 ìrọ̀lẹ́ ni l'Ákùúrẹ́. Ti 3:30 wọn, 8:30 alẹ́ wa. Ti 7:30 alẹ́ wọn, 12:30 òru ni, ọjọ́ Àìkú sì ti wọlé lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn. Àwọn tó ń gbá nílé ní Oregon àti California máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà mìíràn ní 10:30 alẹ́ New York, ìyẹn 3:30 ìdájí tiwa. Láti November 1, fi wákàtí kan kún gbogbo rẹ̀: 6 ìrọ̀lẹ́, 9:30 alẹ́, 1:30 òru, 4:30 ìdájí.

Big Ten, líìgì tí ẹgbẹ́ rẹ wà, rọrùn láti rántí. Nínú àwọn tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, Fox ló sábà máa ń ní ti agogo 12, CBS ní ti 3:30, NBC ní ti alẹ́. Fox sì fẹ́ràn kó máa fi eré tó tóbi jù lọ́wọ́ rẹ̀ sí agogo 12. Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù lọ́hùn-ún máa ń ráhùn pé ọ̀sán ti yá jù, ṣùgbọ́n fún ẹni tó wà ní Nàìjíríà, kò sí agogo tó dáa tó ìyẹn. Ohio State àti Michigan máa ń pàdé ní ìparí November, agogo 12 ló sì sábà máa ń jẹ́. Agogo 6 ìrọ̀lẹ́ ni tiwa, kó tó di agogo 10 ó ti parí.

Ṣọ́ra fún agogo tí wọ́n kọ sójú ewé yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Alabama, Texas, Nebraska, agogo tiwọn ni wọ́n ń kọ, ó sì fi wákàtí kan rẹlẹ̀ sí ti New York. Tó o bá rí «11 a.m. CT» (CT ni agogo tiwọn yẹn), agogo 5 ìrọ̀lẹ́ wa náà ni, 6 láti November 1. Arizona kì í yí agogo padà rárá, bíi tiwa, nítorí náà wákàtí 8 ló máa ń wà láàárín wa látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Tó o bá ń fi eré sínú kàlẹ́ńdà fóònù, má tẹ agogo Nàìjíríà. Tẹ agogo wọn, kó o yan New York níbi tó ti ń béèrè time zone. Fóònù á ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí November 1 bá dé, kò sí ohun tó o máa tún ṣe. Má sì jókòó ní August pé o fẹ́ kọ gbogbo sáà sílẹ̀. TBA, ìyẹn «a ó kéde rẹ̀», ló máa wà níwájú ọ̀pọ̀ eré, torí ọjọ́ 12 ṣáájú ni àwọn tẹlifíṣọ̀n sábà máa ń kéde agogo, nígbà mìíràn ọjọ́ 6 péré. Ọjọ́ 12 ṣáájú Sátidé, ọjọ́ Ajé ni. Ọjọ́ 6 ṣáájú rẹ̀, ọjọ́ Àìkú. Tó o bá ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọọjọ́ Ajé, kò sí èyí tó máa bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.

---

Èkìmògún

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ti DStv: ESPN, ìkànnì eré ìdárayá Amẹ́ríkà, wà níbẹ̀, ó sì máa ń gbé eré yunifásítì, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ni ẹ̀tọ́ eré ni kẹ́ ẹ máa wò. Láti 2024, ABC àti ESPN ló ni SEC ní Amẹ́ríkà, ACC, líìgì mìíràn, náà ń bẹ lọ́wọ́ ESPN. Big Ten ti kúrò lọ́wọ́ ESPN láti 2023. Nítorí náà Georgia àti Alabama lẹ máa rí dáadáa, ẹ má gbójú lé ọ̀pọ̀ eré Ohio State láàárín September sí November. December ni nǹkan máa yí, torí ọwọ́ ESPN ni College Football Playoff, ìdíje ìparí sáà tó ń yan olúborí, wà. Kẹ́ ẹ tó san owó oṣù, ẹ béèrè bóyá ESPN wà nínú èyí tẹ́ ẹ fẹ́ san, kẹ́ ẹ sì wo gáídì ojú dekódà ní Thursday, kì í ṣe ní Sátidé.

Ẹ̀yin àti òjò lẹ jọ máa wọ̀ ọ́. September àti October, òjò Àkúrẹ́ kì í ṣe kékeré, ìrọ̀lẹ́ ló sì fẹ́ràn. Òjò ńlá máa ń fa agbára ìgbì sátẹ́láìtì mu kó tó kan díìṣì, lójú dekódà ẹ ó kàn rí E48-32, àmì pé ìgbì kò wọlé. Tí òjò bá fúyẹ́, àwòrán á padà. Tí òjò bá dá tí kò padà, ó ṣeé ṣe kí atẹ́gùn ti yẹ díìṣì, tàbí kí omi ti wọ ẹnu wáyà níbi tó ti so mọ́ LNB, orí tó ń gba ìgbì níwájú díìṣì. Ẹ pe ẹni tó ń ṣe díìṣì ní kété tẹ́ ẹ bá ti dé, kó mú ìdè rẹ̀ le, kó sì fi téèpù tí omi kì í wọ̀ dí ẹnu wáyà náà. Ẹ wo signal quality (bí ìgbì ṣe dára tó) lójú dekódà lọ́jọ́ tójú ọ̀run mọ́ kedere. Tó bá ti wà nílẹ̀ lọ́jọ́ oòrùn, òjò wínníwínní ló máa pa á.

Tó bá jẹ́ Explora, dekódà tó ń gba ètò sílẹ̀, lẹ ní, tẹ́ ẹ sì fẹ́ gba eré 12:30 òru sílẹ̀, ẹ gba ètò tó tẹ̀ lé e pọ̀ mọ́ ọn. Eré yunifásítì kan máa ń gba bíi wákàtí mẹ́ta ààbọ̀, tó bá wọ àfikún àsìkò ó tún jù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí gáídì bá ti ka wákàtí mẹ́ta, ibi tó dùn jù ló máa já.

Ti ilé ìwo-bọ́ọ̀lù ní South Gate àti Aule: agogo 5 Sátidé, àwọn èèyàn ti ń jókòó de Premier League 5:30. Kò sẹ́ni tó máa yí i sí ESPN fún yín lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ bá oníbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ fún èyí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ sì kó bíi èèyàn márùn-ún tó máa sanwó dání. Sátidé kan wà tó yàtọ̀, October 31. Ìlú Ọba á ti yí agogo tiwọn padà ní October 25, ọ̀sẹ̀ kan géérégé ṣáájú Amẹ́ríkà. Ìyẹn ni pé eré ìrọ̀lẹ́ Premier League á ti sún sí 6:30 lọ́dọ̀ wa, ti Amẹ́ríkà á ṣì wà ní agogo 5. Wákàtí kan ààbọ̀ ló máa wà láàárín méjèèjì, àmọ́ eré agogo 3 Ìlú Ọba náà á ti sún sí agogo 4 wa, nítorí náà ẹ tètè lọ béèrè ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ńlá máa ṣófo.

Tí wọ́n bá ní kí lẹ ń wò, ẹ fi orúkọ hàn wọ́n. Olu Fashanu gbá fún Penn State kí Jets, ẹgbẹ́ kan ní NFL, líìgì àwọn tó ń gbá fún owó, tó mú un ní ìpele kìíní lọ́dún 2024. Adetomiwa Adebawore jáde láti Northwestern. Big Ten náà ni ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì. Tí ará Oǹdó bá gbọ́ orúkọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu òyìnbó, á fa àga súnmọ́ yín.

---

Rédíò_Òkè-Ìjẹ̀bù

Lójú tèmi, rédíò ni ọ̀nà gidi, pàápàá fún Ohio State tí ESPN kò ní. Gbogbo yunifásítì ńlá ló ní àwọn asọ̀rọ̀sọ́bọ́ọ̀lù tiwọn, ohùn ọ̀pọ̀ nínú wọn, títí kan ti Ohio State, sì ń bẹ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí áàpù Varsity Network. Ẹ gbé e sórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò ní Ohio, kẹ́ ẹ sì dán an wò l'Ákùúrẹ́ ṣáájú Sátidé àkọ́kọ́.

Dátà kì í ṣe ohun téèyàn ń méfò. Ẹ mú kbps (bí dátà ṣe ń yára ṣàn) ti ohùn tàbí àwòrán, ẹ fi 0.45 sọ ọ́ di púpọ̀, iye MB tó máa jẹ ní wákàtí kan lẹ rí yẹn. Rédíò 64 kbps á jẹ MB 29 ní wákàtí, odindi eré wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ á sì jẹ nǹkan bí 100 MB. Ti 128 kbps, 200 MB. Ẹ wá wo fídíò 1,500 kbps tí kò tiẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀: 675 MB ní wákàtí, 2.4 GB fún eré kan. Èyí tó mọ́lẹ̀ dáadáa ní 3,000 kbps á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ 5 GB. Eré mẹ́rin lóṣù, ẹ ti rí ibi tó ń lọ.

Ìṣòro rédíò ni pé ẹni tí kò bá fojú inú rí pápá, kíá ló máa sọnù. Ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ fa ìlà gbọọrọ kan, ẹ pín in sí 10, 20, 30, 40, 50, kẹ́ ẹ tún padà wálẹ̀ sí 40, 30, 20, 10. Ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ẹnu ilé rẹ̀. Ẹ wá máa fi bírò tẹ̀ lé ohùn.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọwọ́ Ohio State ni bọ́ọ̀lù wà, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní «second and six at the Michigan 38». Ìgbìyànjú kejì nínú mẹ́rin nìyẹn, ó ku yáàdì 6 kí wọ́n tó gba mẹ́rin mìíràn, bọ́ọ̀lù sì wà ní yáàdì 38 sí ilé Michigan. Ẹ fi àmì sí 38, ẹ fa ìlà kékeré sí 32, ibẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ dé. Wọ́n sáré, wọ́n gba yáàdì 4: «third and two at the 34». Wọ́n ju bọ́ọ̀lù, ó bọ́ sílẹ̀. «Fourth and two.» Ní báyìí ẹ ṣírò field goal, ìyẹn bí bọ́ọ̀lù tí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbá sáàárín òpó ṣe máa jìnnà tó, kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó ṣe é: 34, ẹ fi 17 kún un, ó di 51. Mẹ́wàá nínú 17 yẹn ni jíjìn end zone, àyè ìparí pápá, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ni òpó wà. Méje tó kù ni ibi tí wọ́n ti ń gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ lẹ́yìn ìlà fún ẹni tó máa gbá a. Yáàdì 51 jìnnà fún ọ̀pọ̀ ọmọ yunifásítì. Tí kóòṣì bá wá fi àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí pápá láti wá yáàdì méjì yẹn, ẹ ti mọ ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó ṣàlàyé, ọkàn yín á sì ti máa lù. Bẹ́ẹ̀ ni rédíò ṣe ń dùn.

Agogo eré náà ṣe pàtàkì fún ẹni tí kò rí ojú tẹlifíṣọ̀n. Láti 2023, agogo kì í dúró mọ́ tí ẹgbẹ́ kan bá gba first down (ìgbìyànjú mẹ́rin tuntun), àyàfi láàárín ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn ìdajì eré kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà tí ẹgbẹ́ tó ń jìyà bá ku ìṣẹ́jú mẹ́fà, tí wọ́n ṣì ń sáré bọ́ọ̀lù láàárín pápá, àkókò ń ṣàn lọ mọ́ wọn lọ́wọ́. Tó bá wọ àfikún àsìkò, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ láti yáàdì 25 alátakò. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ẹni tó bá gba touchdown, ìyẹn tó gbé bọ́ọ̀lù wọ end zone alátakò, gbọ́dọ̀ gbìyànjú àfikún ojú àmì méjì. Láti ẹ̀ẹ̀kẹta lọ, ojú àmì méjì nìkan ni wọ́n ń dù, ẹ̀ẹ̀kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ pa ìró (notification) áàpù èsì lẹ́nu mọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àti ti WhatsApp ẹgbẹ́ àwọn ará Ohio. Ohùn orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń pẹ́ lẹ́yìn ohun tó ń ṣẹlẹ̀, áàpù èsì sì lè sọ touchdown fún yín nígbà tí wọ́n ṣì ń tò lọ́wọ́ lórí rédíò.

---

Olóyèmẹ́kùn_Ohio

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ti field goal yẹn nìkan tó mi. Ó ku iná o, àti dátà òru. Ó tún ku Playoff: ṣé òun náà máa ń bọ́ sóru ni?

---

Oníná_Ìjàpọ̀

Tẹlifíṣọ̀n LED 32 ínṣì máa ń jẹ bíi wáàtì 50, dekódà bíi 20, ráútà bíi 10. Ọgọ́rin wáàtì nìyẹn. Bátìrì ìnfátà 12V 100Ah ní wáàtì-wákàtí 1,200 nínú, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ bátìrì olómi tàbí jẹ́ẹ̀lì, ìdajì rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa lò tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Ẹ yọ ohun tí ìnfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ kúrò, ó ku bíi 510. Ẹ fi 80 pín 510, wákàtí mẹ́fà ó lé ni. Eré kan kò ní mú un rárá.

Fáànù ló máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́. Fáànù onídùúró wáàtì 60 á sọ ọ́ di 140, 510 yẹn á sì gbé e fún wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ó lé díẹ̀, gígùn eré kan ṣoṣo, tí kò sì sí ààyè fún àfikún àsìkò. Ní September ẹ máa nílò fáànù, nítorí náà ẹ fi kún bátìrì tàbí kẹ́ ẹ lo fáànù kékeré tó ń gba iná USB. Tí ọyẹ́ bá ti dé ní December, ẹ ò ní rántí fáànù. Lithium yàtọ̀, ẹ lè lo bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀.

Àwọn ìnfátà kan ní bọ́tìnnì UPS lẹ́yìn. Ẹ fi sí i. Tí kò bá sí níbẹ̀, nígbà tí iná bá lọ, dekódà lè kú kó sì tún bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń gba ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó padà ṣí. Odindi touchdown ti lọ nìyẹn. Bátìrì tí onílé bá ní òun ní, ẹ má gbà á gbọ́ lẹ́nu. Ẹ tan gbogbo rẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ pa iná ìta, kẹ́ ẹ wo agogo títí ìnfátà á fi ké.

---

Alágogo_Alágbàká

Dátà òru: ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láti agogo 12 òru sí 5 ìdájí, ka ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tìrẹ kó o tó rà á. Ní September àti October, eré 12:30 máa parí ní bí agogo 4, ó wọ inú rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn November 1, 1:30 ló ń bẹ̀rẹ̀, tó sì ń parí ní bí agogo 5. Ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú tó gbóná jù gan-an ni dátà òru máa fi tán. Fi dátà gidi díẹ̀ sí fóònù, tàbí kó o yí sí rédíò tó bá ti di 4:45.

VPN, ohun tó ń mú kí fóònù dà bíi pé ó wà ní Amẹ́ríkà: ó lòdì sí àdéhùn ọ̀pọ̀ áàpù tẹlifíṣọ̀n wọn, wọ́n lè ti àkáǹtì rẹ pa láàárín eré. Mi ò gbà ọ́ nímọ̀ràn rẹ̀.

Playoff, òru ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Láti 2024, ẹgbẹ́ 12 ló ń wọlé, mẹ́rin kì í gbá ìpele kìíní. Wo ọ̀nà tí Ohio State gbà lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn. Michigan ti nà wọ́n 13 sí 10 nílé wọn ní November 30, wọ́n sì tún wọlé ní ipò kẹjọ. Tennessee, 42 sí 17, December 21 ní agogo 8 alẹ́ wọn, agogo 2 òru December 22 lọ́dọ̀ wa. Oregon, 41 sí 21, Rose Bowl ọjọ́ ọdún tuntun, agogo 5 ìrọ̀lẹ́ wọn: 11 alẹ́ wa, èyí tó rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Texas, 28 sí 14, January 10. Notre Dame, 34 sí 23, àṣekágbá ní Atlanta, January 20. Ìyẹn méjèèjì, 7:30 alẹ́ wọn ni, 1:30 òru wa.

Ọjọ́ gan-an ló máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà níbẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń gbá àṣekágbá ní Amẹ́ríkà. Ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń bọ́ sí l'Ákùúrẹ́. Tó o bá tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù pé 1:30 ọjọ́ Ajé, wákàtí 24 lo fi ṣíwájú eré. Fi aláàmù sí 1:10 ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gba agbára sínú bátìrì látàárọ̀ ọjọ́ Ajé, má sì bá ọ̀gá rẹ ní FUTA fi ìpàdé kankan sí òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn.